Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ microRNA fún jẹjẹrẹ àpòlúkù: ìbéèrè tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ń bi wá, àti ìdáhùn rẹ̀

Lábù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín l'Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ kiri lórí WhatsApp pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti tó láti fi jẹjẹrẹ inú hàn, àwọn èèyàn ò yéé dúró lẹ́nu fèrèsé wa láti béèrè ibi tí wọ́n ti lè ṣe é. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Kí ẹ tó kà síwájú, ẹ jẹ́ kí n ti sọ èrò mi: àyẹ̀wò náà kì í ṣe irọ́, ìrètí ńlá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kí ẹni tí inú ń run kọ́kọ́ náwó lé lórí.

Kí ni microRNA gan-an?

Inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni DNA wà, ibẹ̀ sì ni ìlànà gbogbo ohun tí ara ń ṣe wà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣe purotéènì kan, ìyẹn èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara, á da ìlànà rẹ̀ kọ sínú RNA ońṣẹ́, RNA yìí ni yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe purotéènì. microRNA jẹ́ oríṣi RNA mìíràn tó kúrú gan-an. RNA ońṣẹ́ lè gùn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà, ti microRNA kì í ju nǹkan bíi 22 lọ. Òun fúnra rẹ̀ kì í di purotéènì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó lẹ̀ mọ́ RNA ońṣẹ́, kó má jẹ́ kó jíṣẹ́, tàbí kó jẹ́ kí wọ́n tètè bà á jẹ́, kí purotéènì náà má baà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Oríṣi microRNA tó wà lára èèyàn lé ní 1,000, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì lè máa darí ọ̀pọ̀ jíìnì (ìlànà kọ̀ọ̀kan inú DNA) lẹ́ẹ̀kan náà.

Ta ló ṣàwárí rẹ̀?

Victor Ambros àti Gary Ruvkun ní Amẹ́ríkà. Ní 1993 ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ jáde, lin-4 lorúkọ rẹ̀, lára aràn kékeré kan tí gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé aràn nìkan ló ni ín, wọn ò ka ọ̀rọ̀ náà kún. Ìgbà tó di 2000 tí Ruvkun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé òmíràn, let-7, wà lára ẹranko lóríṣiríṣi títí kan èèyàn ni gbogbo ayé tó dìde. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2024.

Báwo ló ṣe wá kan jẹjẹrẹ àpòlúkù?

Àpòlúkù ni àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí tí a bá ti gbé e mì. Bí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í di jẹjẹrẹ, ìwọ̀n microRNA inú rẹ̀ á yí padà. Àwọn kan á pọ̀ sí i, àwọn kan á dínkù. Èyí tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni miR-21. Ó máa ń pọ̀, tó bá sì ti pọ̀, á tẹ purotéènì bíi PTEN rì, bẹ́ẹ̀ PTEN yìí wà lára àwọn tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì máa bí síi láìdáwọ́ dúró. let-7 ní tirẹ̀ máa ń dá RAS lẹ́kun, ìyẹn jíìnì tó ń ti sẹ́ẹ̀lì láti dàgbà. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, let-7 ló máa ń dínkù. Àwọn bíi miR-106 àti miR-17 náà máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ àpòlúkù.

Ohun tó ya èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ lábù lẹ́nu jù ni pé wọ́n máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀, wọn kì í sì í tètè bàjẹ́ níbẹ̀. RNA lásán kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tó ń jẹ ẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n microRNA máa ń wà nínú àpò tín-ín-tìn-ìn-tín tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde, tàbí kó so mọ́ purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní Argonaute 2, èyí ló ń dáàbò bò ó. Ní 2008 ni àwọn onímọ̀ fi hàn kedere pé kì í tètè bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa fi ẹ̀jẹ̀ mọ jẹjẹrẹ láìla inú ẹnikẹ́ni.

Ṣé òótọ́ ni pé orílẹ̀-èdè kan ti ń lò ó?

Òótọ́ ni. Ní Síńgápọ̀, àyẹ̀wò kan wà tó ń jẹ́ GASTROClear, tó ń wo microRNA 12 pa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí i ní 2019. Ìwádìí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lo èèyàn 5,248 láti Síńgápọ̀ àti Kòríà. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn tó wá ṣe endoscopy, ìyẹn wáyà oníkámẹ́rà tí wọ́n ń gbé mì kí wọ́n lè wo inú, ó mú 87 nínú 100 àwọn tó ní jẹjẹrẹ, ó sì sọ fún nǹkan bíi 68 nínú 100 àwọn tí kò ní pé wọn kò ní. Ó dára ju CEA àti CA 19-9 lọ fíìfíì, ìyẹn àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ti wà tipẹ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é kò ṣàjèjì sí yín. PCR ni, irú èyí tí gbogbo wa gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà Kòrónà ní 2020. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ti Kòrónà ń béèrè bóyá nǹkan kan wà tàbí kò sí. Ti microRNA ń béèrè bó ṣe pọ̀ tó, torí pé ara gbogbo wa ni miR-21 wà.

Tí èsì bá ní ó wà, ṣé jẹjẹrẹ nìyẹn?

Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní a kó 10,000 èèyàn jọ tí nǹkan kan ò ṣe, ká sì ní 10 péré nínú wọn ló ní jẹjẹrẹ àpòlúkù. Mo kàn mú iye yẹn ṣe àpẹẹrẹ ni. Bí àyẹ̀wò bá ń mú 87 nínú 100, á mú nǹkan bíi 9 nínú àwọn 10 náà, ọ̀kan á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn 9,990 tó kù kò ní jẹjẹrẹ kankan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 68 nínú 100 ló ń tú sílẹ̀, àwọn tó lé ní 3,100 nínú wọn ló máa gba èsì pé kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò. Nínú gbogbo èèyàn tí ìwé yẹn kò ní jẹ́ kí wọ́n sùn lóru ọjọ́ náà, mẹ́sàn-án péré ló ní i. Àwọ̀n olójú kéékèèké ni àyẹ̀wò yìí: ẹja ò ní í bọ́, ṣùgbọ́n á kó òṣíbàtà àti koríko wọlé pẹ̀lú.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ àpòlúkù nìkan kọ́ ló ń gbé miR-21 sókè. Jẹjẹrẹ ọmú, ti ìfun àti ti ẹ̀dọ̀fóró ń gbé e sókè. Ara tó wú, ọkàn tó ń ṣàìsàn, òun náà ń gbé e sókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó 12 pọ̀ dípò kí wọ́n gbára lé ẹyọ kan.

Níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wúlò ni pé nínú 10,000 wa yẹn, àwọn bíi 6,800 ò ní nílò pé kí wọ́n gbé wáyà mì. Ìlú tí endoscopy wà nítòsí, tí jẹjẹrẹ yìí sì wọ́pọ̀, ló máa jàǹfààní rẹ̀ jù. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá ní ó wà gbọ́dọ̀ lọ ṣe endoscopy, kí wọ́n wo inú rẹ̀, kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ láti ibi tí wọ́n bá fura sí, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ awò wò ó. Láìsí ìyẹn, kò sí dókítà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún yín pé ẹ ní jẹjẹrẹ àpòlúkù.

Ṣé mo lè ṣe é l'Ẹ̀pẹ́ tàbí n'Ìkòròdú?

Kì í ṣe àyẹ̀wò tí lábù àdúgbò ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó wá fún un, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé microRNA wo ló ń wò, ẹ̀rọ wo ló ń lò, àti lábù wo lẹ̀jẹ̀ yín ń lọ. Ẹni tó ń ṣe é ní tòótọ́ á ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ló le nínú rẹ̀? Ṣebí ẹ̀jẹ̀ náà ni gbogbo yín ń fà?

Ẹ̀jẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní microRNA tirẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, pàápàá miR-451 àti miR-16. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù fà á, bí wọ́n bá gbọn ìgò náà, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà lẹ́yìn ọ̀kadà láti Éjìnrìn títí dé ọ̀dọ̀ wa nínú oòrùn ọ̀sán, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa yẹn á bẹ́. Tí a bá yí i lórí ẹ̀rọ, omi tó yẹ kó dúró lókè pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, á ti pupa. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ṣì lè fara da pípupa díẹ̀. Ti microRNA ò lè fara dà á, torí pé ohun tí a ń wọ̀n ti kún fún ti sẹ́ẹ̀lì pupa, a ò sì ní mọ èyí tó ti inú àpòlúkù wá.

Ìgò pẹ̀lú ní tirẹ̀. Èyí tó lómorí aláwọ̀ ewé ní heparin nínú, heparin sì máa ń dí PCR lọ́wọ́. Olómorí elésè àlùkò ni wọ́n sábà máa ń lò. Lẹ́yìn náà ni fírísà tó ń tutù dé ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo, tí iná ò gbọdọ̀ kú lórí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ní ọgbẹ́ inú. Kẹ́míìsì ni mo ti ń ra oògùn. Ṣé ó lè di jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn jù, torí ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Inú bá ti ń ta èèyàn lọ́dọ̀ wa, ulcer ni gbogbo ayé ń pè é, omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, sì di ohun tí à ń rà bí ẹni ń ra súìtì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì ṣe àyẹ̀wò kankan rí.

Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Helicobacter pylori (H. pylori). Inú àpòlúkù ló ń gbé, ásíìdì ibẹ̀ ò lè pa á. Barry Marshall, dókítà ará Ọsirélíà, mu ún ní 1984 kó lè fi hàn pé ó ń mú kí awọ inú àpòlúkù wú, òun àti Robin Warren sì gba Nobel lórí rẹ̀ ní 2005. Ní 1994, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Kì í ṣe ọ̀sán kan òru kan. Awọ inú àpòlúkù á kọ́kọ́ wú, á wá máa fẹ́lẹ́, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ó lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní kòkòrò náà ni kò ní í débẹ̀ láéláé.

Nítorí náà, ẹ yẹ kòkòrò yìí wò. Èyí tó ń fi ìgbẹ́ ṣe é dára, èyí tó ń fi èémí ṣe é náà dára. Èyí tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe é, tó wọ́pọ̀ torí pé kò wọ́n, lè máa sọ pé ó wà nígbà tí ẹ ti gba ìwòsàn tipẹ́, torí pé ohun tí ara fi bá a jà ló ń wò. Kí ẹ tó ṣe ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bí ẹ ṣe lè dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ ti lo oògùn apakòkòrò kẹ́yìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kòkòrò á fara pamọ́, èsì á ní kò sí. Bó bá wà, oògùn tí wọ́n máa fún yín sábà máa ń jẹ́ ti ọjọ́ 14. Ẹ lò ó tán. Ìdajì oògùn ló ń kọ́ kòkòrò ní bó ṣe máa lágbára.

Àwọn kan ní jẹjẹrẹ yìí kì í ṣe àwa adúláwọ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òótọ́ náà sì léwu. Kòkòrò H. pylori pọ̀ lára wa, síbẹ̀ iye jẹjẹrẹ àpòlúkù tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní Áfíríkà kéré sí ti Japan tàbí Kòríà. Láti 1992 ni wọ́n ti ń pè é ní àdììtú Áfíríkà. Bóyá oríṣi kòkòrò tiwa yàtọ̀ ni o, bóyá oúnjẹ ni o. Àmọ́ ẹ ro eléyìí náà mọ́ ọn: ibi tí endoscopy ti ṣọ̀wọ́n, ta ló máa kà wọ́n? Ẹni tó kú sílé tí wọ́n ní inú ló pa á, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Lágbàáyé, àwọn tí àrùn yìí mú ní 2022 tó nǹkan bíi 970,000, ó sì pa nǹkan bíi 660,000.

Àmì wo ló yẹ kó gbé mi lọ sí ọsibítù kíákíá?

Kí ẹ máa rù láìmọ ìdí. Kí oúnjẹ díẹ̀ máa yó yín lójijì. Kí ó máa há lọ́nà ọ̀fun. Kí ẹ máa bì lemọ́lemọ́, pàápàá tó bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Kí ojú yín funfun torí àìtó ẹ̀jẹ̀. Kí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà. Lórí ìgbẹ́ dúdú, ẹ kọ́kọ́ rántí bóyá ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù, torí òun náà ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹni tó bá ti kọjá 50 ọdún tí inú rírun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, kó má dúró de àmì kankan.

Ọmọ mi, ẹja yíyan ni mo fi tọ́ gbogbo ọmọ mi l'Ọ́jà Olúwo. Wọ́n ní òun ló ń fa jẹjẹrẹ. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?

Ẹ má fi sílẹ̀, Màmá. Ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ni oúnjẹ tí wọ́n fi iyọ̀ púpọ̀ pa mọ́, irú ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń jẹ gan-an ní Ìlà Oòrùn Éṣíà. Iyọ̀ máa ń họ awọ inú àpòlúkù, kòkòrò á wá rọ́nà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èéfín igi ní èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ, òótọ́ ni, pàápàá níbi tí ẹja ti jó tó ṣú dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó so ẹja yíyan mọ́ jẹjẹrẹ àpòlúkù kò tó ti iyọ̀. Ẹ máà jẹ́ kó jó, ẹ gbé e jìnnà sí iná díẹ̀ lórí ààrò, kí ẹni tó ń rà á sì họ ibi tó dúdú kúrò kó tó sè é. Ti sìgá burú ju ti ẹja lọ. Ẹ̀fọ́ àti èso ń ranni lọ́wọ́. Ojú tiyín gan-an tó ń gba èéfín láàárọ̀ dalẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù ju inú oníbàárà yín lọ. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà yẹn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé.

Bàbá mi ló kú nípasẹ̀ rẹ̀. Èmi ńkọ́?

Ẹ lọ yẹ H. pylori wò, ẹ̀yin àtàwọn tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá. Ní 2020, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Kòríà lórí àwọn tí òbí tàbí ọmọ ìyá wọn ti ní jẹjẹrẹ yìí. Àwọn tí wọ́n fún lóògùn kòkòrò náà, ewu tiwọn fi ju ìdajì lọ dínkù. Kò sí àyẹ̀wò microRNA kankan tó lè ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún yín, torí àyẹ̀wò ń wá ohun tó ti wà, oògùn yìí kò jẹ́ kó wá.

Endoscopy ń bà mí lẹ́rù.

Mo gbọ́ yín. Wáyà tó rọ̀ ni, ó ní kámẹ́rà àti iná lẹ́nu. Ẹ ò ní jẹun fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú. Wọ́n á fín oògùn sí yín lọ́fun kó kú, wọ́n sì lè fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń múni tòògbé. Ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó bì, ìyẹn ò bára dé, àmọ́ kì í pẹ́, iṣẹ́jú díẹ̀ ni. Wọ́n ń ṣe é ní ọsibítù LASUTH n'Ìkẹjà àti ní ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà. Láti ibí ọ̀nà jìn, mo mọ̀, torí náà ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà ọsibítù Jẹ́nẹ́rà kí ẹ tó gbéra, kí wọ́n má baà dá yín padà. Ní Japan, níbi tí wọ́n ti ń tètè rí i, àwọn tí wọ́n bá a lára wọn nígbà tí kò tíì wọlé jìnnà, ó lé ní 90 nínú 100 wọn tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Àgbo ńkọ́?

Mi ò bá àgbo jà, ilé àgbo ni wọ́n bí mi sí. Ẹ má ṣáà fi oṣù mẹ́ta mu àgbo nígbà tí ẹ ń rù.

Bí àwọn olùwádìí bá wá gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wa fún microRNA, ṣé kí n fún wọn?

Èrò tèmi ni pé kí ẹ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tó wà nílẹ̀, àwọn ará Ṣáínà, Japan, Kòríà àti Síńgápọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Iye tí wọ́n kọ pé ó pọ̀ jù níbẹ̀ lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀ lára ẹni tó ti ní ibà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, tí kòkòrò tirẹ̀ sì yàtọ̀. Àyàfi tí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ tiwa dán an wò kí a tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìwé ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúwàbí nínú ìwádìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé àdéhùn fún yín ní Yorùbá. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa sọ fún yín tí wọ́n bá rí nǹkan, àti ta ló máa sanwó endoscopy tó bá di dandan. Ẹ lè sọ pé ẹ ò ṣe mọ́ nígbàkígbà, ìtọ́jú yín ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ dínkù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀yin sanwó kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ ká apá aṣọ yín sílẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé.